Bí a ṣe ń wá ibi tí kinase wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ

Kinase ni ẹ́ńsáìmù tó ń gba fọ́síféètì lára ATP (èròjà tó ń gbé agbára kiri nínú sẹ́ẹ̀lì), tó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara purotéènì mìíràn kí ìṣe purotéènì yẹn lè yí padà. Nínú túùbù, ọ̀pọ̀ kinase ló lè ṣiṣẹ́ lára purotéènì kan náà. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, ibi tí kálukú wọn dúró sí ló ń pinnu èyí tí ọwọ́ rẹ̀ máa tó o. PKA (ọ̀kan lára àwọn kinase) tó so mọ́ abẹ́ synapse (ibi tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ méjì ti ń bára wọn sọ̀rọ̀) àti PKA tó so mọ́ microtubule (ọ̀pá tóóró inú sẹ́ẹ̀lì) nínú dendrite (ẹ̀ka tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba ìròyìn), ẹ́ńsáìmù kan náà ni wọ́n, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ìdí nìyí tí "níbo ló wà?" fi gbọ́dọ̀ ṣáájú "báwo ló ṣe pọ̀ tó?".

Ọ̀nà méjì la máa tẹ̀lé níbí, ọpọlọ eku funfun la sì máa lò. Èkíní ni ká lọ ọpọlọ, ká fi centrifuge (ẹ̀rọ tó ń yí túùbù kíákíá) pín in sí ìpín-ìpín, ká wá wo ìpín tí kinase bọ́ sí. Èkejì ni ká gé ọpọlọ pẹlẹbẹ, ká fi antibody (purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ ohun tí a ń wá) kùn ún, ká wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀kan ṣoṣo. Ìpín-ìpín á sọ iye tó wà níbì kan fún yín, ṣùgbọ́n ó ti da oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì pọ̀. Àwòrán á fi sẹ́ẹ̀lì hàn yín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran dé ìwọ̀n tí synapse jẹ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ retí

Ẹ mọ ibi tí kinase yín máa ń wà kí ẹ tó fọwọ́ kan eku kankan, nítorí èyí ló máa sọ ìpín tí ẹ kò gbọdọ̀ dà nù.

CaMKII ló pọ̀ jù. Nínú hippocampus (apá ọpọlọ tó ń bójú tó ìrántí), ó tó nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo purotéènì. Ẹ̀yà 12 ló ń para pọ̀ di odindi rẹ̀ kan: alpha, tó máa ń yọ ní nǹkan bí 50 kDa (òṣùwọ̀n bí purotéènì ṣe tóbi tó) lórí gel (ohun bíi jẹ́lì tí a fi ń ya purotéènì sọ́tọ̀), àti beta, tó máa ń yọ ní nǹkan bí 60. Ó wà káàkiri inú dendrite, ó sì kún inú PSD, ìyẹn purotéènì tó kì mọ́ra lábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìròyìn ní synapse. Bí kálísíọ́mù bá gba ojú NMDA receptor (ẹnu ọ̀nà kan ní synapse) wọlé, CaMKII á ṣí lọ síbẹ̀, á so mọ́ GluN2B, ẹ̀yà kan lára receptor náà, á sì lẹ fọ́síféètì mọ́ ara rẹ̀ ní Thr286 (amino acid threonine nọ́mbà 286 rẹ̀). Alpha kò sí nínú àwọn interneuron tó ń lo GABA, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fi kẹ́míkà GABA dẹ́kun ìṣe àwọn tó wà nítòsí, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó lò ó níwájú.

PKA ní apá méjì, ẹ má sì pa wọ́n pọ̀. Apá kan ń dè é mọ́lẹ̀, apá kejì, C, ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ń dè é, pàápàá oríṣi tí wọ́n ń pè ní RII, ló so mọ́ àwọn purotéènì tó ń dá PKA dúró síbì kan, tí wọ́n ń pè ní AKAP: AKAP150 ní synapse eku, tí ti ènìyàn ń jẹ́ AKAP79, àti MAP2 nínú dendrite. Bí cAMP (kẹ́míkà tó ń jẹ́ iṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì) bá pọ̀ sí i, apá tó ń ṣiṣẹ́ á tú sílẹ̀. Nítorí náà antibody RII ń fi ibi tí wọ́n so ó mọ́ hàn, antibody C ló ń fi ibi tí òṣìṣẹ́ náà wà hàn. Ẹni tó bá lo ọ̀kan, tó wá ròyìn bíi pé èkejì ló lò, ti ṣi àwọn tó ń ka iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà.

PKC alpha, beta àti gamma máa ń wà nínú omi sẹ́ẹ̀lì nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá wà ní ìsinmi, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì nígbà tí kálísíọ́mù àti diacylglycerol (ọ̀rá kan tó ń yọ láti ara awọ sẹ́ẹ̀lì) bá pọ̀. Gamma kún inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá Purkinje ní cerebellum (apá ẹ̀yìn ọpọlọ), ibẹ̀ ló sì dára jù láti fi dán antibody rẹ̀ wò. ERK1 àti ERK2, tó wà ní 44 àti 42 kDa, ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì àti dendrite, wọ́n á wọ núkílíọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí MEK (kinase mìíràn) bá ti fi fọ́síféètì sí wọn lára. CaMKIV ní tirẹ̀, inú núkílíọ́ọ̀sì ni ilé rẹ̀, ó sì pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ cerebellum. Cdk5 wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì nítorí purotéènì p35 tó dì í mú. Bí calpain (ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì) bá gé p35 di p25, ó ti já nìyẹn. PINK1 sì ń kó sára mitochondria (ilé iṣẹ́ agbára sẹ́ẹ̀lì) tó ti bàjẹ́ nìkan, nítorí èyí tó ní ìlera máa ń fà á wọlé kí wọ́n tó bà á jẹ́. Bí ẹ kò bá rí i nínú ọpọlọ tó dá ṣáṣá, antibody yín lè má jẹ̀bi.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù

Gbàrà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dáwọ́ dúró, ATP á lọ sílẹ̀, kálísíọ́mù á ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, CaMKII á dì pọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ PSD ju bó ṣe wà nígbà tí eku wà láàyè lọ. Fọ́síféètì ara ERK á bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Calpain á máa gé p35. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú 5 yọ ọpọlọ àkọ́kọ́, tó fi ìṣẹ́jú 2 yọ ti ìkejì, á rí ìyàtọ̀ ńlá tí kò ní nǹkankan ṣe pẹ̀lú oògùn tó ń dán wò.

Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà lílo ẹranko bá ti fọwọ́ sí i, ẹ kó àwọn eku wá sí yàrá iṣẹ́ ó kéré tán wákàtí 1 ṣáájú, kí ìpayà tó bá wọn lójú ọ̀nà lè rọlẹ̀, nítorí ìpayà nìkan tó láti yí fọ́síféètì ara ERK padà. Agogo kan náà lójúmọ́ ni kí ẹ máa ṣe é. Ẹ ṣọ́ra fún ketamine, oògùn oorun: NMDA receptor gan-an ló ń dí, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí CaMKII ń dúró dè. Láti ìgbà tí ẹ bá gé orí títí dìgbà tí ọpọlọ bá bọ́ sínú bọ́fà (omi tó ń di pH mú) tútù, ẹ má jẹ́ kó ju 90 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, kí ẹ sì kọ iye tó jẹ́ sílẹ̀ fún eku kọ̀ọ̀kan.

Ọpọlọ tútù tí kò tíì dì ni kí ẹ fi ṣe ìpín-ìpín. Èyí tí ẹ bá gbé sí fíríìsà, yìnyín inú rẹ̀ á fọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, ohun tó yẹ kó wà nínú synapse á sì jò sínú omi. Ọpọlọ tó dì wúlò fún wíwọn àpapọ̀ fọ́síféètì nìkan.

Pípín ọpọlọ

Bọ́fà àkọ́kọ́ ni sucrose 0.32 M, ìyẹn gíráàmù 109.5 nínú lítà 1, pẹ̀lú HEPES 4 mM, gíráàmù 0.95, kí pH jẹ́ 7.4 lórí yìnyín. Ẹ fi sodium fluoride 10 mM sí i, gíráàmù 0.42, kó lè dá àwọn phosphatase (ẹ́ńsáìmù tó ń yọ fọ́síféètì kúrò) dúró, àti sodium orthovanadate 1 mM fún iṣẹ́ kan náà.

Vanadate ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ ṣe é ní 200 mM, ẹ gbé pH rẹ̀ sí 10, á pọ́n bíi yẹ́lò. Ẹ sè é títí á fi mọ́ gaara, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún pH ṣe, kí ẹ sì tún un sè títí pH á fi dúró sí 10 láìsí yẹ́lò mọ́. Èyí tí wọn ò sè kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. EDTA àti DTT pẹ̀lú máa ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀.

PMSF ń dá àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì dúró; ẹ yọ́ ọ sínú isopropanol ní 100 mM, mílígíráàmù 17.4 nínú mílílítà 1, kí ẹ wá fi 10 µl sí mílílítà bọ́fà kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ṣe tán láti lọ ọpọlọ gan-an. Kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú omi, nítorí náà èyí tí ẹ bá fi sí i láàárọ̀ kò ní wúlò lọ́sàn-án.

Bí PKC lẹ bá ń wá, ẹ má ṣe fi EGTA tàbí EDTA, tó ń di kálísíọ́mù mú, sí bọ́fà yìí láìronú. Kálísíọ́mù wà lára ohun tó dì í mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì; bí ẹ bá gbà á kúrò, PKC á ṣí, ẹ ó wá rí i nínú omi, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú omi sẹ́ẹ̀lì ló wà. Bí ẹ kò bá sì fi EGTA sí i rárá, kálísíọ́mù tó tú jáde nígbà lílọ lè ti PKC tó wà nínú omi lọ sára awọ. Ohun tí a fi ń yanjú rẹ̀ ni kí ẹ ṣe túùbù méjì láti ara ọpọlọ kan, ọ̀kan pẹ̀lú EGTA 1 mM, ọ̀kan láìsí i, kí ẹ sì ròyìn méjèèjì.

Ó kan iyára ẹ̀rọ. Òǹkà ìyípo kò túmọ̀ sí nǹkankan láìmọ gígùn apá rotor (ibi tí túùbù ń jókòó sí nínú centrifuge). Agbára × g (ìlọ́po agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan) jẹ́ 0.00001118 ní ìlọ́po gígùn apá ní sẹ̀ǹtímítà, ní ìlọ́po ìyípo ìṣẹ́jú kan, ní ìlọ́po ìyípo náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí apá bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8, 1,000 × g jẹ́ nǹkan bí ìyípo 3,340, 10,000 × g sì jẹ́ nǹkan bí 10,570.

1. Ẹ wọn ọpọlọ, ẹ fi bọ́fà mílílítà 10 sí gíráàmù 1. Ẹ lọ ọ́ nínú homogeniser onígíláàsì tó ní ọ̀pá Teflon, ìgbà 12 lókè-sódò, ní ìyípo 900, lórí yìnyín. Bí ìfófòó bá ń yọ, ẹ ti ń fa atẹ́gùn wọ̀ ọ́, ẹ rọra. Ẹ yọ 100 µl pamọ́: odindi nìyí, òun lẹ ó fi ṣe òṣùwọ̀n fún ìyókù.

2. Ẹ yí i ní 1,000 × g fún ìṣẹ́jú 10, ní 4°C. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ni P1, ibẹ̀ ni núkílíọ́ọ̀sì wà. Omi orí rẹ̀ ni S1. Ẹ fi bọ́fà ṣan P1, ẹ tún un yí, nítorí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí kò fọ́ ló máa ń há síbẹ̀, àwọn ló sì máa ń mú kí gbogbo kinase dà bí ará núkílíọ́ọ̀sì.

3. Ẹ yí S1 ní 10,000 × g fún ìṣẹ́jú 15. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ni P2: synaptosome, ìyẹn ẹnu axon (okùn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń fi ìròyìn ránṣẹ́) tó já, tó sì tún dì padà, tí PSD ṣì lẹ̀ mọ́ lára, pẹ̀lú mitochondria àti myelin (ọ̀rá tó bo axon). Bí apá kan bá funfun tó sì fẹ́lẹ́ lórí, tí ìsàlẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, mitochondria ni ti ìsàlẹ̀. Ẹ rọra gbé ti òkè nìkan.

4. Ẹ yí S2, omi orí P2, ní 100,000 × g fún wákàtí 1. Omi rẹ̀, S3, ni omi inú sẹ́ẹ̀lì gan-an. Bí ẹ kò bá ní ultracentrifuge, ẹ má ṣe pe S2 ní omi sẹ́ẹ̀lì. Awọ wẹ́wẹ́ ṣì pọ̀ nínú rẹ̀.

5. Bí ọpọlọ yín bá tó gíráàmù 1, ẹ gbé P2 sórí sucrose 0.8, 1.0 àti 1.2 M tí ẹ ti rọra tò lé ara wọn, ẹ yí i ní 82,500 × g fún wákàtí 2 láìlo bíréèkì. Myelin á dúró lókè 0.8, mitochondria á lọ sísàlẹ̀, synaptosome á dúró láàárín 1.0 àti 1.2. Bí hippocampus eku kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ fo ìgbésẹ̀ yìí, kò ní kù tó ohun tí ẹ lè lò.

6. Fún PSD, ẹ po synaptosome mọ́ Triton X-100 0.5% (ohun bí ọṣẹ tó ń tú awọ sẹ́ẹ̀lì), ẹ fi sórí yìnyín fún ìṣẹ́jú 15, ẹ yí i ní 32,000 × g fún ìṣẹ́jú 20. Ohun tó yọ́ wá láti ẹnu axon àti awọ; ohun tó rì ni PSD. Ó kéré, ó sì le: SDS 1%, ọṣẹ tó lágbára jù ú lọ, ni kí ẹ fi tú u.

Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń yí, òtútù á lọ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sì tú. Kò sí àtúnṣe fún un. Ẹ dán inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ wò pẹ̀lú centrifuge náà lórí iyára tó ga jù kí ẹ tó fọwọ́ kan eku, nítorí ẹ̀mí ẹranko ò ṣeé fi ṣòfò.

Ẹ̀rí pé ìpín náà mọ́

Ẹ kọ́kọ́ wá àwọn purotéènì tí ilé wọn ò ní àríyànjiyàn. Histone H3 ní P1 nìkan. Synaptophysin, 38 kDa, nínú P2 àti synaptosome, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nínú PSD. PSD-95 kó pọ̀ sí i láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀, kó sì pọ̀ jù nínú PSD. COX IV fún mitochondria. LDH nínú S3. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á wà ní P2, torí pé omi sẹ́ẹ̀lì wà nínú synaptosome, kì í ṣe àṣìṣe. Bí synaptophysin bá ṣì lágbára nínú PSD, Triton kò ṣiṣẹ́ tó. Ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa kinase láti inú ìpín bẹ́ẹ̀.

Western blot

Níbí, a ó ya purotéènì sọ́tọ̀ lórí gel, a ó gbé e sórí membrane, a ó sì fi antibody wá a. Gel 10% bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ kinase wọ̀nyí mu. Ẹ fi 20 µg sí ihò kọ̀ọ̀kan fún ERK, PKA àti PKC. Fún CaMKII alpha, 20 µg ti pọ̀ jù. 2 sí 5 µg ni kí ẹ lò. Ó pọ̀ débi pé ìlà rẹ̀ á kún pátápátá, ìyàtọ̀ ìlọ́po méjì kò sì ní hàn mọ́. Ẹ tò 1, 2, 4, 8 µg ti odindi sórí gel kan kí ẹ lè rí ibi tí ìlà ti ń ṣíwọ́ àtidúdú sí i.

Ẹ lo BSA 5% (purotéènì ẹ̀jẹ̀ màlúù) nínú TBST (bọ́fà ìfọ̀) dípò mílíìkì fún antibody tó ń wá fọ́síféètì. Mílíìkì ní casein, casein fúnra rẹ̀ sì ní fọ́síféètì lára. Ẹ má fi β-actin ṣe òṣùwọ̀n láàárín ìpín-ìpín: actin kò pọ̀ bákan náà nínú wọn. Ẹ wọn purotéènì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó iye kan náà sí ihò, ẹ fi Ponceau S (àwọ̀ tó ń fi gbogbo purotéènì hàn) kun membrane, ẹ ya àwòrán rẹ̀ pamọ́. Fún antibody fọ́síféètì, ẹ gé apá kan membrane sọ́tọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú lambda phosphatase; bí ìlà náà kò bá parẹ́, ohun mìíràn ni antibody yẹn ń rí.

Àwọn tó ń lo òkété, bí wọ́n ti ń ṣe ní Ìbàdàn, gbọ́dọ̀ ṣe blot ṣáájú àwòrán. Antibody tí wọ́n dán wò lára eku funfun lè bá òkété mu, àmọ́ ìlà kan tó bọ́ sí kDa tó yẹ nìkan ló lè fi hàn.

Kíkùn lábẹ́ máíkírósíkóòpù

Ẹ fi paraformaldehyde 4% nínú bọ́fà fọ́síféètì 0.1 M gba ọkàn eku kọjá, mílílítà 300 fún eku àgbà kan, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi omi iyọ̀ ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò. Bí ẹ̀dọ̀ kò bá funfun, ọpọlọ náà kò tíì rí i gbà. Ẹ rẹ ọpọlọ sínú paraformaldehyde náà ní 4°C mọ́jú, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan: bó bá ti pẹ́ jù, antibody kò ní rí ọ̀nà wọlé. Lẹ́yìn náà ni sucrose 30% títí á fi rì. Ẹ gé e ní 40 µm.

Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ lo bọ́fà TBS dípò PBS, tó ní fọ́síféètì, fún antibody fọ́síféètì, kí ẹ sì fi sodium fluoride sí i. Omi ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ (serum) 5% pẹ̀lú Triton 0.3% fún wákàtí 1. Antibody àkọ́kọ́ mọ́jú ní 4°C, èkejì wákàtí 2, DAPI (àwọ̀ tó ń kun núkílíọ́ọ̀sì) 1 µg/ml ìṣẹ́jú 5. Gé kan gbọ́dọ̀ wà tí kò rí antibody àkọ́kọ́. Bí ọpọlọ bá ti dàgbà, lipofuscin (ìdọ̀tí ọjọ́ ogbó inú sẹ́ẹ̀lì) á máa tàn nínú gbogbo àwọ̀. Sudan Black B 0.1% nínú ọtí 70% fún ìṣẹ́jú 5 á pa á.

PSD ń fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní wàhálà. Ó kì débi pé lẹ́yìn paraformaldehyde, antibody kì í lè wọ inú rẹ̀. Ẹ ó rí CaMKII nínú igi dendrite, orí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tó dà bí olú á sì ṣófo, gan-an ní ibi tí blot ti sọ pé ó pọ̀ jù. Ẹ gbé gé náà sínú citrate 10 mM, pH 6.0, ní 80°C fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó fi antibody sí i, tàbí kí ẹ lo pepsin díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ dán àkókò pepsin wò lára gé tí kò wúlò. Bó bá pọ̀ díẹ̀, gé á jẹrà.

Ibi tí interneuron ti wúlò nìyí. Ẹ kun GAD67, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe GABA, pọ̀ mọ́ CaMKII alpha. Bí sẹ́ẹ̀lì GAD67 bá ń tàn pẹ̀lú CaMKII alpha, antibody yín ń lẹ̀ mọ́ ohun tí kò yẹ, tàbí àwọ̀ kan ń jò sínú ìkejì. Fún pERK (ERK tó ní fọ́síféètì) àti CaMKIV, ẹ fi DAPI pààlà núkílíọ́ọ̀sì, ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú gé confocal (máíkírósíkóòpù tó ń wo ìpele kan lẹ́ẹ̀kan) kan ṣoṣo, kì í ṣe nínú àwòrán tí wọ́n kó gbogbo gé pọ̀ sí, nítorí ohun tó wà lórí núkílíọ́ọ̀sì á dà bíi pé ó wà nínú rẹ̀.

Máíkírósíkóòpù onímọ́lẹ̀ kò lè ya ohun méjì tí àárín wọn kò tó nǹkan bí 200 nm sọ́tọ̀. Àlàfo synapse jẹ́ nǹkan bí 20 nm. Nítorí náà, bí àwọ̀ kinase bá bo àwọ̀ PSD-95, ohun tí ẹ lè sọ ni pé ó wà nítòsí synapse; ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ axon ni tàbí ẹ̀gbẹ́ dendrite. Ìpín PSD á ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Immunogold, ìyẹn antibody tó gbé góòlù wẹ́wẹ́, lábẹ́ electron microscope ló lè parí ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú èyí náà, antibody méjì tó so góòlù mọ́ kinase lè gbé e jìnnà tó 20 sí 30 nm. Ẹ wọn jíjìnnà ọ̀pọ̀lọpọ̀ góòlù sí awọ sẹ́ẹ̀lì, ẹ má mú ẹyọ kan tó wù yín.

Bí ìpín àti àwòrán bá ta ko ara wọn, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé tí ẹ kọ ìṣẹ́jú-àáyá yíyọ ọpọlọ sí. CaMKII tó pọ̀ nínú PSD fún àwọn eku tó pẹ́ jù, tí kò sì pọ̀ fún àwọn tó yá, ti sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo EGTA inú bọ́fà, kí ẹ wá wo antibody kẹ́yìn.

Ìpín tó bá ṣẹ́kù, ẹ pín in sí 50 µl kọ̀ọ̀kan nínú SDS sample buffer tí ẹ ti fi ooru 95°C sí fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ gbé e sí -80°C. Ẹ kọ ọjọ́, nọ́mbà eku àti ìpín sára túùbù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì tí ọtí kò lè pa rẹ́, kí ẹ sì da èyí tí ẹ bá ti yọ́ lẹ́ẹ̀kan nù.